Ẹ̀wà tí a yí àbùdá rẹ̀ padà, àti ẹ̀jẹ̀ àwọn ọmọ wa

 

Ní ọjọ́ Jímọ̀ kan tí kò tíì pẹ́, lẹ́yìn tí a kírun tán, ìyá àgbàlagbà kan tí ó ń din àkàrà ní ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí wa dìde láàrin àwọn obìnrin, ó ní òun ní ìbéèrè kan fún ààfáà. Ó ní òun gbọ́ lórí rédíò pé ẹ̀wà kan ti dé tí àwọn onímọ̀ ti yí inú rẹ̀ padà kúrò ní bí Ọlọ́hun ṣe dá a. Ààwẹ̀ kì í pẹ́ dé, àkàrà òun sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ládùúgbò fi ń ṣínu. Ṣé hàláàlì ni ẹ̀wà náà, àbí hàráàmù? Ààfáà kò rò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní hàráàmù pọ́nńbélé ni, pé ẹni tí ó bá yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà, iṣẹ́ Ibilíìsì ni ó ń ṣe. Àwọn ọ̀dọ́ ké kàbárà, ìyá náà sì jókòó, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ kò fi hàn pé ọkàn rẹ̀ balẹ̀.

A kò ní dárúkọ ààfáà náà, nítorí a bọ̀wọ̀ fún ìmọ̀ rẹ̀, kì í sì ṣe òun nìkan ni ó ń dáhùn bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ yìí wúwo ju ìdáhùn kíákíá lọ. Ẹni tí ó sọ ohun tí Ọlọ́hun ṣe ní hàláàlì di hàráàmù, ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ kò kéré sí ti ẹni tí ó sọ hàráàmù di hàláàlì. Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí a ń sọ̀rọ̀ lé lórí.

Nínú gbogbo ohun abẹ̀mí, ìbáà ṣe ènìyàn, ìbáà ṣe ewéko, Ọlọ́hun fi àkọsílẹ̀ kan sí i tí ojú lásán kò lè rí. Òun ni ó ń sọ bí nǹkan náà yóò ṣe hù, bí àwọ̀ rẹ̀ yóò ṣe rí, àti irú àrùn tí yóò lè bá a jà. Àwọn onímọ̀ ń pè é ní jíìnì. Àbùdá ni a ó máa pè é níhìn-ín. Ọgbọ́n tuntun tí ayé ń jà lé lórí ni pé ènìyàn ti mọ bí a ṣe ń mú àbùdá kan láti ara ohun kan fi sí ara ohun mìíràn, tàbí bí a ṣe ń tún àbùdá ṣe níbi tí ó wà.

Ẹ̀wà tí ìyá alákàrà ń sọ kò ti òkè òkun wá bí àwọn kan ti rò. Ilé ẹ̀kọ́ ìwádìí iṣẹ́ àgbẹ̀ ti Yunifásítì Àmádù Béllò ní Zaria ni ó ṣe é, SAMPEA 20-T sì ni orúkọ tí wọ́n fún un. Ní 2019 ni ìjọba Nàìjíríà fọwọ́ sí i pé kí a máa gbìn ín, òun sì ni ẹ̀wà irú rẹ̀ àkọ́kọ́ ní gbogbo ayé. Ní 2021 ni irúgbìn rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dé ọwọ́ àwọn àgbẹ̀. Ìdí tí wọ́n fi ṣe é ni ìdin kan tí a ń pè ní Maruca. Ìdin yìí a máa jẹ òdòdó ẹ̀wà, a sì máa lu èèpo rẹ̀ wọ inú lọ bá èso. Níbi tí ó bá ti ráyè, ó lè jẹ tó 80 nínú 100 ohun tí ó yẹ kí àgbẹ̀ kó wálé. Ohun tí àgbẹ̀ ń ṣe sí i láti ọjọ́ yìí wá ni kí ó máa fín oògùn, nígbà mìíràn tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ kí ẹ̀wà tó gbó, kò sí ìbọ̀wọ́, kò sí ìbomú, a ó sì gbé ẹ̀wà náà wá sí Bódìjà àti Mile 12 fún wa láti jẹ. Oògùn tí a ń fín yìí, ààfáà kankan kò tíì fi ṣe wáàsí tí a gbọ́.

Nísinsìnyí, wọ́n mú àbùdá kan láti ara kòkòrò àìfojúrí kan tí ó ń gbé inú ilẹ̀, Bacillus thuringiensis ni orúkọ rẹ̀, wọ́n fi sínú ẹ̀wà. Ẹ̀wà náà fúnra rẹ̀ wá ń pèsè ohun tí yóò pa ìdin náà bí ó bá bù ú jẹ. Inú ìdin náà kò rí bí inú ènìyàn, ohun tí ó pa á kò sì rí ibi dì mú nínú ikùn wa. Àwọn àgbẹ̀ òyìnbó tí wọn kì í fẹ́ lo kẹ́míkà pàápàá ti ń fín kòkòrò àìfojúrí kan náà sára ohun ọ̀gbìn wọn láti ọjọ́ pípẹ́. Fínfín ẹ̀ẹ̀mẹjọ wá di ẹ̀ẹ̀mejì. Kò sí ẹlẹ́dẹ̀ nínú rẹ̀, kò sí ọtí, kò sí ẹ̀jẹ̀, kò sí òkú ẹran.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ yíyí ẹ̀dá padà. Inú Súrátù Nisáì, ẹsẹ 119, ni ààfáà wa ti mú un, níbi tí Ọlọ́hun ti sọ fún wa nípa ìlérí Ibilíìsì pé òun yóò máa pàṣẹ fún àwọn ọmọ ènìyàn kí wọ́n máa gé etí ẹran ọ̀sìn, kí wọ́n sì máa yí ẹ̀dá Ọlọ́hun padà. Àlùkùránì Alápọ̀nlé ni, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn àgbà tí wọ́n túmọ̀ rẹ̀ kò pa ohùn pọ̀ lórí ìtumọ̀ rẹ̀. Àwọn kan ní ara fínfín ni, àwọn kan ní títẹ ẹranko lọ́dàá ni. Imaamu Tabari, tí gbogbo onítúmọ̀ ń rìn lẹ́yìn rẹ̀, gbà pé ẹ̀sìn Ọlọ́hun ni a ní lọ́kàn: kí a yí ohun tí Ó ṣe lófin padà, kí a sọ hàláàlì di hàráàmù. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀, ẹni tí ó ń fi ẹsẹ náà sáré ka nǹkan léèwọ̀ fún àwọn ènìyàn, kí ó ṣọ́ra kí ẹsẹ náà má baà máa wo òun fúnra rẹ̀.

Ẹ tún rántí ọ̀rọ̀ igi dàbínù ní Mẹ̀dínà. Nígbà tí Ànábì wa, kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a, dé ibẹ̀, ó bá àwọn ará ìlú tí wọ́n ń mú ìyẹ̀fun akọ igi dàbínù fi sí ara abo igi. Ó ní òun kò rò pé ó ń ṣe àǹfààní kan. Wọ́n bá dáwọ́ dúró, èso wọn sì dín kù lọ́dún náà. Nígbà tí wọ́n sọ fún un, ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nínú iṣẹ́ ayé wọn, àwọn ni wọ́n mọ̀ ọ́n jù, pé ohun tí òun bá sọ nípa ẹ̀sìn ni kí wọ́n dì mú. Bí Oníṣẹ́ Ọlọ́hun bá lè fi iṣẹ́ àgbẹ̀ sílẹ̀ fún àgbẹ̀, kí ni àwa ń yára sí?

Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ àwọn tí ń bú ọgbọ́n yìí kò mọ̀. Àwọn baba àti ìyá wa tí wọ́n ní àtọ̀gbẹ ń gba abẹ́rẹ́ ínsúlínì. Ṣé ẹ mọ ibi tí a ti ń rí ínsúlínì tẹ́lẹ̀? Láti inú ẹlẹ́dẹ̀ àti màlúù tí a pa ni. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún ni àwọn Mùsùlùmí fi ń gba ti ẹlẹ́dẹ̀ sára nítorí pé kò sí ọ̀nà mìíràn, àwọn onímọ̀ fíkíhì sì ń wá àwíjàre fún wọn lábẹ́ òfin inira. Ní 1982 ni ínsúlínì tuntun jáde ní Amẹ́ríkà. Àbùdá ínsúlínì ti ènìyàn ni wọ́n fi sí inú kòkòrò àìfojúrí, kòkòrò náà sì ń pèsè rẹ̀ bí ẹni ń pọn omi. Ọgbọ́n yíyí àbùdá padà ni ó yọ ẹlẹ́dẹ̀ kúrò lára Mùsùlùmí. Ó ṣeé ṣe kí díẹ̀ nínú àwọn tí wọ́n ké kàbárà ní ọjọ́ Jímọ̀ náà ti gba abẹ́rẹ́ náà láàárọ̀ kí wọ́n tó wá kírun.

Kì í ṣe àwa ni a kọ́kọ́ ń rò ó. Ní 1998, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ fíkíhì tí ó wà lábẹ́ Rabita pàdé ní Mẹ́kà lórí ọ̀rọ̀ yìí gan-an. Wọ́n ní ó tọ́ kí a fi ọgbọ́n yìí dènà àrùn tàbí kí a fi wò ó, bí ewu rẹ̀ kò bá ti ju àǹfààní lọ. Wọ́n ní ó tọ́ nínú iṣẹ́ ọ̀gbìn àti ẹran ọ̀sìn, pẹ̀lú ìṣọ́ra kí ó má baà pa ènìyàn, ẹranko tàbí ilẹ̀ lára. Wọ́n ní kò tọ́ kí a fi ṣe ibi, tàbí kí a fi máa tún ẹ̀dá ènìyàn ṣe lábẹ́ àwáwí pé a fẹ́ kí ìran ènìyàn dára sí i. Wọ́n wá fi ohun kan kún un tí a kì í gbọ́ lẹ́nu àwọn tí ń ka ìpinnu náà fún wa: pé kí àwọn tí ń ṣe oúnjẹ àti oògùn báyìí máa sọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀ fún àwọn ènìyàn, kí ẹni tí yóò jẹ ẹ́ lè jẹ ẹ́ pẹ̀lú ìmọ̀.

Níbí ni ọ̀rọ̀ wà gan-an, ẹ̀yin ará. Lójú tiwa, ìbéèrè hàláàlì ti ní ìdáhùn. Èyí tí kò tíì ní ìdáhùn ni ti ìmọ̀. Ẹni tí ó bá ra bisikí tàbí mílíìkì, ó lè ka ara páálí rẹ̀. Ta ni ó ń ka ara kóńgò? Ẹ̀wà tí a ń jẹ ní ilẹ̀ Yorùbá, láti òkè ọya ni èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ ti ń wá. Inú àpò ni ó ń bá ọkọ̀ dé, a ó dà á sínú abọ́ ńlá, a ó fi kóńgò wọ̀n ọ́n. Olóyin ni, àbí dúdú ni, àbí funfun ni, àwọ̀ rẹ̀ nìkan ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Tuntun àti ti àtijọ́ lè wà nínú abọ́ kan náà. Àjọ tí òfin 2015 dá sílẹ̀ láti máa ṣọ́ irú nǹkan báyìí ti ní òun yẹ̀ ẹ́ wò, kò sì léwu. A kò sọ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ṣùgbọ́n kí a sọ fún àgbẹ̀ ní Kano àti fún ọ̀jọ̀gbọ́n ní Abuja yàtọ̀ sí kí a sọ fún ìyá alákàrà. Nígbà tí ilé ìgbìmọ̀ aṣojú ṣòfin pinnu ní May 2024 láti wádìí ọ̀rọ̀ àwọn ohun ọ̀gbìn wọ̀nyí, ọdún 5 ti kọjá tí ẹ̀wà ti gba ìwé àṣẹ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ẹṣin ti jáde ni a ń wá ẹni tí yóò ti ilẹ̀kùn.

Bí a kò bá sọ òtítọ́ fún ènìyàn, àhesọ yóò bá wọn sọ̀rọ̀. Àwọn kan ń sọ kiri pé ẹ̀wà yìí yóò sọ obìnrin di àgàn. Kò sí ẹ̀rí kankan fún un. Àwọn kan ní ilé-iṣẹ́ òyìnbó ni yóò máa gba owó irúgbìn rẹ̀ lọ́dọọdún. Òtítọ́ ni pé Monsanto ni ó ni àbùdá náà, ṣùgbọ́n wọ́n fi sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún àwọn tí ó ṣe ẹ̀wà náà, àgbẹ̀ sì lè kórè kí ó sì fi díẹ̀ pamọ́ ṣe irúgbìn ọdún tí ń bọ̀. Ti àgbàdo TELA, tí wọ́n fọwọ́ sí ní January 2024, yàtọ̀ sí èyí. Irú àgbàdo tí a ń rà lọ́dọọdún ni, bí a bá gbin ọmọ rẹ̀ kò ní ṣe bí ìyá rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ó bá bọ́ sí i gbọ́dọ̀ mọ̀ kí ó tó bọ́ sí i. Ó yẹ kí á ya ọ̀rọ̀ méjèèjì sọ́tọ̀, kí á má kó wọn pọ̀ sínú àpò kan fi dẹ́rù ba ènìyàn.

Àwa Mùsùlùmí ilẹ̀ yìí ti san owó àhesọ rí. Ní 1996, nígbà tí àrùn yírùnyírùn ń jà ní Kano, ilé-iṣẹ́ Pfizer fi oògùn tuntun dán nǹkan wò lára àwọn ọmọdé tí wọ́n tó 200. Ọmọ 11 kú nínú wọn. Ilé-iṣẹ́ náà ní àrùn ni ó pa wọ́n, ṣùgbọ́n àwọn òbí ní a kò là á yé àwọn pé ìdánwò ni. Nígbà tí ó di 2009 ni wọ́n tó gbà láti san mílíọ̀nù 75 dọ́là láti fi parí ẹjọ́ pẹ̀lú ìjọba Kano. Ẹ wo ohun tí ó bí. Ní 2003, nígbà tí wọ́n gbé oògùn àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ dé, àwọn àgbà Kano ní oògùn ìfọ̀mọbíbí ni, wọ́n dá a dúró títí di 2004, kí wọ́n tó gba èyí tí wọ́n rà láti Indonesia, ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Àrùn náà ti gbilẹ̀ kí ó tó di ìgbà náà. Ó ti ọ̀dọ̀ wa jáde lọ sí àwọn ilẹ̀ mìíràn, ní 2005 ó dé Indonesia kan náà tí ó ta oògùn fún wa. Àwọn tí wọ́n fi ọwọ́ rìn nílẹ̀ nítorí rẹ̀, ọmọ Mùsùlùmí ni ọ̀pọ̀ wọn. Ẹni tí kò sọ òtítọ́ ní 1996 jẹ̀bi, ẹni tí ó sọ àhesọ di wáàsí ní 2003 náà kò sì mọ́.

Ẹ jẹ́ kí á ti orí oúnjẹ bọ́ sí orí ẹ̀jẹ̀, nítorí ọgbọ́n kan náà ni, ibẹ̀ ni ó sì ti kan ilé olúkúlùkù wa. Kò sí ààfáà tí ń so yìgì lóde òní tí kò mọ ìtumọ̀ AA, AS àti SS. Nínú ènìyàn 4 ní Nàìjíríà, ó tó 1 tí ó jẹ́ AS. Bí AS bá fẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ìdá kan nínú mẹ́rin ni pé ọmọ náà lè jẹ́ SS, àrùn tí àwọn àgbà ń pè ní fòní-kú-fọ̀la-dìde. Púpọ̀ nínú lèmọ́mù wa ni kì í so yìgì mọ́ láìrí ìwé àyẹ̀wò. A ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n fẹ́ràn ara wọn bí ẹyin ojú, tí ìwé pélébé kan tú wọn ká. A tún ti rí àwọn òbí tí wọ́n ti sin ọmọ mẹ́ta kí wọ́n tó mọ ohun tí ó ń ṣe wọ́n.

Ní 2019, wọ́n fi ọgbọ́n tuntun yìí wo obìnrin aláwọ̀ dúdú kan ní Amẹ́ríkà, Victoria Gray, tí ó ti ń jìyà SS láti kékeré. Wọ́n fa àwọn sẹ́ẹ̀lì tí ń bí ẹ̀jẹ̀ jáde lára rẹ̀, wọ́n tún àbùdá kan ṣe nínú wọn kí ẹ̀jẹ̀ irú èyí tí ọmọ inú oyún ń lò lè tún máa ṣàn, wọ́n fi oògùn líle pa èyí tí ó kù nínú mùdùnmúdùn eegun rẹ̀, wọ́n sì dá èyí tí wọ́n tún ṣe padà. Ara rẹ̀ yá. Nínú àwọn 31 tí wọ́n tọ́jú tí wọ́n sì ṣọ́ pẹ́ tó, 29 ni ìrora ńlá kò bá jà fún ọdún kan gbáko. Ní November 2023 Ìlú Ọba fọwọ́ sí ìtọ́jú náà, Casgevy ni wọ́n ń pè é, Amẹ́ríkà sì tẹ̀ lé e ní December. Hàláàlì ni èyí lójú tiwa láìṣe iyèméjì. Aláìsàn ni a wò, ara rẹ̀ nìkan ni ó kàn, ó sì gbà fúnra rẹ̀. Ànábì wa ti kọ́ wa pé Ọlọ́hun kò sọ àrùn kan kalẹ̀ láìsọ oògùn rẹ̀ kalẹ̀, ó sì ní kí á máa wá a.

Ti ọkùnrin ará Ṣáínà kan, He Jiankui, kò rí bẹ́ẹ̀. Ní 2018 ó kéde pé òun ti yí àbùdá àwọn ọmọ padà kí a tó bí wọn, kí àrùn éèdì má baà lè mú wọn. Ara àwọn ọmọ náà le, kò sí àrùn tí ó ń wò. Ohun tí ó yí padà yóò sì máa ran ọmọ àti ọmọ ọmọ wọn, àwọn tí a kò tíì bí, tí ẹnikẹ́ni kò lè bi léèrè. Ní December 2019 ni ilé ẹjọ́ ilẹ̀ rẹ̀ rán an lọ sí ẹ̀wọ̀n ọdún 3. Ìyàtọ̀ tí àwọn onímọ̀ Mẹ́kà ti fà ní ogún ọdún ṣáájú rẹ̀ nìyẹn: wíwo aláìsàn yàtọ̀ sí títún ìran ènìyàn yàn bí ẹni ń yan ewúrẹ́ lọ́jà.

Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ iye owó Casgevy. Mílíọ̀nù 2.2 dọ́là ni, fún ẹnì kan ṣoṣo. Gbogbo ìjọ mọ́ṣáláṣí ńlá kan, bí wọ́n ta ilé ta oko, wọn kò lè kó o jọ. Ní January 2025 ìjọba Ìlú Ọba gbà láti máa san án fún nǹkan bí aláìsàn 50 lọ́dún, ọmọ tiwa tí a bí sí London sì lè wà nínú wọn. Ìbátan rẹ̀ tí ó wà ní Ìwó tàbí ní Ìlọrin kò lè sí níbẹ̀. Ilẹ̀ tí àrùn náà pọ̀ jù ní ayé, òun ni kò lè ra oògùn rẹ̀. Àwa kò rí ààfáà kan tí ó bínú sí èyí bí wọ́n ti ń bínú sí ẹ̀wà.

Imaamu Gàsálì, tí ó kú ní 1111, ti rí irú wa rí. Ó kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀ pé ìmọ̀ ìṣègùn jẹ́ ọ̀ranyàn lórí ìjọ, bí ẹnì kan kò bá ṣe é, gbogbo ìlú jẹ̀bi. Ó sì kédàárò pé ìlú pọ̀ tí kò ní oníṣègùn kan tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ènìyàn ń rọ́ lọ kọ́ ìmọ̀ àríyànjiyàn fíkíhì. Ẹ wo ọdún tí ó ti wà níbẹ̀. Lóde òní, mélòó nínú àwọn ọmọ tí a ń rán lọ sí Mẹ̀dínà àti Áṣárì ni a rán lọ kọ́ nípa àbùdá? Mélòó nínú àwọn ẹgbẹ́ ìjọ wa tí ń ná owó rẹpẹtẹ lórí ayẹyẹ ni ó ní owó ìtọ́jú SS? A ń béèrè ni. Ẹni tí ó bá ní ìṣirò rẹ̀, kí ó kọ̀wé sí wa.

Ní ti ìyá alákàrà, a lọ bá a lẹ́yìn ọjọ́ náà. A sọ fún un pé kí ó máa din àkàrà rẹ̀, pé nínú ohun tí a mọ̀, kò sí hàráàmù níbẹ̀, ṣùgbọ́n pé ó ní ẹ̀tọ́ láti mọ irú ẹ̀wà tí ó ń rà. Ó ní òun yóò béèrè. Ní Jímọ̀ tí ó tẹ̀ lé e, ó fún wa lésì. Ó ní alájàpá tí òun ń ra ẹ̀wà lọ́wọ́ rẹ̀ ní Bódìjà rẹ́rìn-ín títí, ó ní láti ogún ọdún tí òun ti ń ta ẹ̀wà, òun ni ẹni àkọ́kọ́ tí ó bi òun léèrè, pé ọkọ̀ mẹ́ta láti ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àwọn dà pọ̀ sínú abọ́ láàárọ̀ ọjọ́ náà. Ó wá fi ẹ̀wà ẹ̀kún ọwọ́ méjì ta á lọ́rẹ.